Ìwé Yorùbá wo ni ká kọ́kọ́ gbé, báwo la sì ṣe fẹ́ kà á? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ràn ìwé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé "ìwé Yorùbá wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí", mo ti ń dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan tipẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìbéèrè yẹn kì í dá wá. Ẹni tó bá ti mọ orúkọ ìwé tán, á tún béèrè pé ṣé ẹ̀dà àtijọ́ ni kóun wá àbí tuntun, ṣé kóun kà á lórí fóònù, ṣé kóun kúkú máa gbọ́ ọ létí bóun bá ń dáná, ojú ewé mélòó lóun máa kà lójúmọ́ tóun ò fi ní jáwọ́ lágbedeméjì. Mo wá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ síbì kan, ká fi wọ́n wé ara wọn, kí kálukú mú èyí tó bá a lára mu.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n ká tó bẹ̀rẹ̀: ẹnu ni. Ìwé Yorùbá tí mi ò bá lè kà sókè kó dùn létí mi, mi ò kì í pẹ́ nídìí ẹ̀. Èdè wa, ohùn ló ń sọ ìtumọ̀ ẹ̀, ẹni tó bá wá ń fojú sáré lórí ẹ̀ bó ṣe ń sáré lórí ìwé Òyìnbó, adùn ẹ̀ ò ní kàn án, á wá máa sọ fún gbogbo ayé pé ìwé náà le. Kò le o. Kò tíì gbọ́ ọ ni.

Ìṣọ̀lá, Òkédìjí, Fágúnwà: ta ni ká kọ́kọ́ bá lọ?

Àwọn mẹ́ta yìí ni mo máa ń gbé síwájú ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn tó kù ò mọ ìwé kọ, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọra rárá, ẹni tí ò bá gbádùn ọ̀kan lè gbádùn èkejì dọ́ba.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló yá jù. Ó Le Kú, 1974 ló jáde, ọ̀rọ̀ Àjàní ni, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì n'Ìbàdàn tó ń wá ìyàwó, tí ọmọge mẹ́ta wá gba ọkàn ẹ̀, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, tí kò wá mọ èyí tóun máa mú. Gbólóhùn Ìṣọ̀lá kì í gùn. Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń tàkúrọ̀sọ nínú yàrá náà ló ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń yọ ara wọn lẹ́nu, tí wọ́n ń parọ́ fúnra wọn, tó jẹ́ pé ẹni tí kò tíì ka Yorùbá látìgbà tó ti kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì lè kà á láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè di ìrọ̀lẹ́ Sátidé kó sì parí ẹ̀. Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù ní 1997, ọ̀pọ̀ yín ló ti wò ó, ìyẹn náà dáa, torí ẹni tó ti wo fíìmù, ojú àwọn èèyàn inú ìwé ti wà lọ́kàn ẹ̀ kó tó ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ má wí pé fíìmù ti tó. Ohun tí Àjàní ń rò nínú ara ẹ̀, tó ń bá ara ẹ̀ jà, inú ìwé nìkan lẹ ti máa rí i. Ìṣọ̀lá tún ní Ogún Ọmọdé, 1990, ìtàn ìgbà èwe, ká sọ òótọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju Ó Le Kú lọ, bóyá torí pé èmi náà sáré kiri lábúlé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ní tiẹ̀, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé lorúkọ akọni ẹ̀, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí ni, ó ti kúrò níṣẹ́, síbẹ̀ kò lè rí olè kó gbójú kúrò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn eré sísá, mọ́tò tó ń lé mọ́tò, ẹni tó wọlé tí ẹ ò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni tàbí ọ̀tá, ẹ lọ bá Lápàdé. Ohun tó mú kó yàtọ̀ sí Ìṣọ̀lá ni bó ṣe ń fọwọ́ ra ọ̀rọ̀. Òkédìjí lè fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tó jọ ara wọn tò tẹ̀lé ara wọn, á fi gbọn-in gbọn-in àti jàgídíjàgan sí i, òwe á bọ́ lẹ́nu èèyàn kan, ẹnì kejì á já a gbà, á fi dá a lóhùn. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ ti gbàgbé pé olè lẹ̀ ń lé, ọ̀rọ̀ lẹ ń jẹ lẹ́nu. Ẹni tí Yorùbá ẹ̀ ò bá tíì gbóná dáadáa lè máa dúró níbí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà ò ní jẹ́ kó pẹ́ níbi tó dúró sí, á fẹ́ mọ ibi tó máa já sí.

Fágúnwà wá ńkọ́? Òun ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ, òun sì ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n bí i sí Òkè-Igbó ní 1903, iṣẹ́ tíṣà ló ṣe, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó kọ jáde ní 1938. Àkàrà-ògùn ọdẹ ló ń sọ ìtàn ara ẹ̀, bó ṣe wọ igbó, ohun tójú ẹ̀ rí, lẹ́yìn náà bí òun àtàwọn akọni ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe gbéra lọ Òkè Láńgbòdó. Gbólóhùn Fágúnwà, kékeré kọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lókè ojú ewé kó má parí títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, ó ń kó ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, ó ń ka nǹkan, ó ń pe èèyàn lórúkọ pẹ̀lú oríkì, ó tún ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti gba ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á nímọ̀ràn. Ẹni tó bá ń fojú kà á, agara á dá a. Ẹni tó bá ṣí ẹnu, á rí i pé ibi tó yẹ kéèyàn mí wà níbẹ̀, òǹkọ̀wé ti fi sílẹ̀ de ẹlẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúrí lásán ni mo ń sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn ló ti ń dárúkọ ìlù ògìdìgbó fún wa, ó fi ara ẹ̀ ṣe onílù, ó fi àwa ṣe oníjó, ẹ wo ẹni tó fẹ́ jó kó sì dákẹ́ jókòó bí ère.

Tí mo bá wá gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ẹni tó ti pẹ́ tó kàwé Yorùbá gbẹ̀yìn, Ìṣọ̀lá ni kó kọ́kọ́ bá lọ. Ẹni tí ìwé Òyìnbó tó máa ń kà jẹ́ ti ọlọ́pàá àti olè, Òkédìjí, lójú ẹsẹ̀, kó má fi falẹ̀. Ẹni tó bá ní àgbàlagbà nílé, bàbá tàbí ìyá tàbí ẹnikẹ́ni tó máa jókòó gbọ́ ọ, kó fo gbogbo wọn dá, kó gbé Fágúnwà, torí àgbàlagbà yẹn ló máa jẹ́ olùkọ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ní kéèyàn fi Fágúnwà ṣe àṣekẹ́yìn, bíi pé òkè téèyàn ń gùn ni. Mi ò gbà. Kàkó, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-ún-iyọ̀, àwọn akọni inú Ògbójú Ọdẹ nìyẹn, ọmọdé ò lè gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kó má béèrè ìdí ẹ̀.

Ẹ má gbàgbé Adébáyọ̀ Fálétí o, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, 1969, fún ẹni tó fẹ́ ìtàn ìlú àti ìjà òmìnira. Ẹni tó sì jẹ́ ará Èkó tó fẹ́ mọ bí Èkó ṣe rí láyé àwọn bàbá wa àgbà, kó wá ìtàn Sẹ̀gilọlá tí Isaac Thomas kọ, lẹ́tà lẹ́tà ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 bọ́ sí 1930, àwọn èèyàn sì rò pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́.

Ẹ̀dà àtijọ́ àti ẹ̀dà tuntun

Ibí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibi tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù nìyí.

Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí ọ̀nà tí à ń gbà kọ Yorùbá báyìí. Ìwé tó bá ti jáde ṣáájú ìgbà yẹn tí wọn ò tíì tún tẹ̀, ẹ máa rí aiye níbi tó yẹ kẹ́ ẹ rí ayé, ẹ máa rí enia, ẹ máa rí nwọn, yio, na. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣí ẹ̀dà Fágúnwà àtijọ́, tó bá rí nwọn báyìí, á ní èdè ìgbàanì ni, á pa á dé. Kì í ṣe èdè ìgbàanì. Wọ́n lẹ̀ ń rí yẹn. Ẹ kà á bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́, láàárín ọjọ́ méjì ojú á ti mọ́ ọn.

Ohun tó le níbẹ̀ gan-an ni àmì ohùn tí kò pọ̀. Mo ra ìwé ìtàn àtijọ́ kan lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá ọ̀nà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, bébà ẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi pẹ́ńsù kọ kíláàsì ẹ̀ sẹ́yìn páálí. Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ màmá mi, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ní kí n kà á fáwọn. Iná ò sí, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo ń kà, ó ń lọ geere, mo dé ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ pé nwọn pa agbo yi i ka, èmi náà fi ìdánilójú kà á pé wọ́n pa àgbò. Màmá mi ní kí n dúró. Wọ́n ní, "Àgbò wo? Ta ló ń ṣọdún níbẹ̀?" Mo tún un wò, mo tún un kà, mi ò rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Wọ́n pagbo yí i ká ni. Wọ́n tò yí i ká, o ò ṣe máa gbọ́ ohun tí ò ń kà." Mo wá tẹ tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn dáadáa, mo rí i pé ẹni tó ni ìwé yẹn rí ti fi pẹ́ńsù fa ìlà tín-ín-rín sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Ibi tó kọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ti kọ́ òun náà lẹ́sẹ̀ rí.

Ìdí tí mo fi ń fi ẹ̀dà méjèèjì wé ara wọn nìyẹn. Ẹ̀dà tuntun, àmì ohùn wà lórí ẹ̀ dé ìwọ̀n tó dáa, lẹ́tà ẹ̀ mọ́, ẹni tó ń dá kà láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí ẹni tó ń kọ́ ọmọ, kó lọ ra ìyẹn. Ìbàdàn là ti ń tẹ púpọ̀ nínú ẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wé pọ̀ ní Jẹ́ríkò, ilé ìtàwé yunifásítì náà máa ń ní. Ẹ̀dà àtijọ́, owó ẹ̀ kì í ju owó abọ́ ìrẹsì kan àti ẹran lọ, ó ń fún yín ní nǹkan tí tuntun ò ní: ọwọ́ àwọn tó ti kà á kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti gbọ́ Yorùbá dénú, tàbí kẹ́ ẹ ní màmá bíi tèmi nítòsí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, ẹ má ra ìwé lójú ọ̀ọ́kán. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ wò bóyá ojú ewé tó gbẹ̀yìn wà níbẹ̀, ẹ wo àárín bóyá wọn ò ti já nǹkan kúrò. Wọ́n ti tà mí ní ìwé rí tó jẹ́ pé orí tó parí ìtàn ni kò sí, oṣù kan gbáko ni mo fi ń bi èèyàn pé báwo ló ṣe parí.

Bébà, fóònù, etí

Bébà ni tèmi, mi ò fi bò. Mo lè fi pẹ́ńsù sàmì sí i, mo lè gbé e fún ẹlòmíràn, bátìrì ẹ̀ kì í kú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ló gbà á. Èmi tí mò ń wọ takisí míkírà láti Mọ́níyà wá sí Dùgbẹ̀ láràárọ̀, tí a bá fún ara wa mẹ́rin sẹ́yìn, èjìká ẹnì kan wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣí ìwé? Fóònù ni mo máa ń lò nígbà yẹn, ọwọ́ kan tó o.

Wàhálà fóònù ni pé lẹ́tà wa kì í jókòó síbẹ̀ dáadáa. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ẹ wà nínú ìtàn, adùn ń wọ̀ yín lára, ẹ̀ẹ̀kan náà, ibi tó yẹ kí lẹ́tà ẹ tó ní àmì lókè wà, àpótí kékeré funfun ló wà níbẹ̀, tàbí kí àmì náà ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ jókòó lórí lẹ́tà tí kì í ṣe tiẹ̀. Ohun tó ń fà á ni pé ọ̀pọ̀ lẹ́tà Òyìnbó tó ní àmì, odidi ni kọ̀ǹpútà ní i, ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ àti ohùn lókè, kọ̀ǹpútà máa ń to méjì mọ́ra ni, fọ́ǹtì tí kò bá mọ bó ṣe máa tò ó á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí áàpù tẹ́ ẹ fi ń kàwé bá gbà yín láyè láti pààrọ̀ fọ́ǹtì, ẹ dán Noto wò, ó máa ń gbé lẹ́tà wa dáadáa. Tí kò bá gbà, ẹ má fipá kà á, ohùn tó bá ti yẹ̀ lójú á yẹ̀ lẹ́nu.

Ohun mìíràn tó ń bà mí nínú jẹ́ ni àwọn fótókọ́pì tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Ẹni kan gbé ìwé sílẹ̀, ó fi fóònù ya á lójú ewé kan sí òmíràn, àtàǹpàkò ẹ̀ wà nínú fọ́tò, ìlà méjì ìsàlẹ̀ ti gé kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbà á lófẹ̀ẹ́, ẹ̀ ń ka ìwé tó fọ́ lójú, àwọn ẹbí òǹkọ̀wé ò sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìwé Yorùbá tí kò bá tà, kò sẹ́ni tó máa tún un tẹ̀, èyí tí wọn ò bá tún tẹ̀ ni à ń wá kiri ní Dùgbẹ̀ lónìí. Ẹ rà á. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lọ́dún, ẹ rà á. Ìwé orí fóònù tẹ́ ẹ sanwó fún pàápàá, tí wọ́n bá gbà yín láyè láti fi pamọ́, ẹ tètè fi pamọ́ o, OkadaBooks tó ń tàwé lórí fóònù ní Nàìjíríà látọdún 2013 kógbá sílé ní oṣù kọkànlá 2023, tèmi ṣáà ni pé bébà ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Etí wá ńkọ́? Àwọn kan rò pé gbígbọ́ kì í ṣe kíkà. Fún ìwé Òyìnbó, mi ò mọ̀, fún tiwa, gbígbọ́ ló ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá wá Fágúnwà lórí YouTube, ẹ máa rí àwọn tó ń kà á. Àmọ́ wọn ò dọ́gba: àwọn kan ń ṣá a lẹ́nu bí ẹni tó ń sáré lọ síbì kan, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá gbọ́ ìlà mẹ́ta ẹ ti mọ̀ pé ọmọ àgbà ni. Ẹ fún ẹnikẹ́ni ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí kò bá dúró mí níbi tó yẹ kó mí, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Ibi tí etí ti wúlò jù ni fún àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Peckham ní London, àwọn ọmọ wọn gbọ́ Yorùbá díẹ̀, wọn ò lè kà á. Láràárọ̀ Sátidé mo máa ń ka Ògbójú Ọdẹ sórí fóìsì nóòtù, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ń fi ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀gbọ́n mi á jókòó tì wọ́n, á máa túmọ̀ ibi tó bá le. Ìgbà tí mo ka ti Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, ọmọ wọn ọkùnrin gba orógùn nínú kíṣìnì, ó ní òun ni Kàkó, ó ní kẹ́nikẹ́ni má pe òun lórúkọ mìíràn títí di Mọ́ńdè. Ẹ sọ fún mi, ìwé kíláàsì wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú ka ti Wọlé Ṣóyínká, tó túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Iṣẹ́ ńlá ni, mo ní in, mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo máa ń gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí Fágúnwà bá rú mi lójú, mo yọjú wo ohun tí Ṣóyínká ṣe síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ṣe àtùpà, ẹ má fi ṣe ọ̀nà. Ìró ẹsẹ̀ Ṣóyínká lẹ máa gbọ́ níbẹ̀, ti Fágúnwà yàtọ̀.

Ojú ewé lójúmọ́, ìṣẹ́jú lójúmọ́, tàbí orí kan lọ́sẹ̀

Ọ̀rọ̀ ètò ni èyí, mi ò ní fà á gùn. Ẹni tó ń ka ojú ewé: Ògbójú Ọdẹ tó wà lọ́wọ́ mi kò fi bẹ́ẹ̀ ju 100 ojú ewé lọ, ẹni tó bá ka 5 lójúmọ́ á parí ẹ̀ ní nǹkan bí 20 ọjọ́. Ó dùn gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ewé Fágúnwà ò dọ́gba pẹ̀lú ojú ewé Ìṣọ̀lá, èyí tẹ́ ẹ máa fi wákàtí kan kà lọ́dọ̀ ẹnì kan, ẹ lè fi ìdajì wákàtí kà á tán lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo ìṣẹ́jú fún Òkédìjí àti Ìṣọ̀lá, 20 ìṣẹ́jú kí n tó sùn, mo ti gbé fóònù jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Fún Fágúnwà, orí kan lọ́sẹ̀, tàbí ìdajì orí tó bá gùn, lọ́jọ́ Àìkú, sókè.

Mo ti gbìyànjú kíka ìwé Yorùbá méjì tó wúwo pọ̀ rí, kò ṣiṣẹ́, ohùn àwọn méjèèjì ń da ara wọn rú lórí mi. Ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́, ìyẹn ló dáa.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ẹ máa bá ìtàn lọ. Lẹ́yìn náà ẹ lè wò ó nínú ìwé atúmọ̀ èdè: ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, 1913, kéré, ó rọrùn láti gbé, àmọ́ àlàyé ẹ̀ ò pọ̀, ti R. C. Abraham, 1958, tóbi, ó ń fi ohùn hàn, ó ń fi ọ̀rọ̀ sínú gbólóhùn, ó tún ya àwòrán ẹyẹ àti ewé sínú ẹ̀, ẹ lè ṣí i nítorí ọ̀rọ̀ kan kí ilẹ̀ ṣú bá yín níbẹ̀. Tí mo bá ní láti mú ọ̀kan, Abraham ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ bi màmá mi. Ìwé atúmọ̀ á sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́, màmá mi á sọ ẹni tó máa ń sọ ọ́ ládùúgbò wọn, àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ gbẹ̀yìn.

Kíkà pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà wà, àwa márùn-ún kan ti ṣe é rí, olúkúlùkù ń ka ìpínrọ̀ kan, tẹ́nì kan bá ṣi ohùn kà, ẹni tó gbọ́ ọ á tún un kà láìbú u. Ó dáa púpọ̀ fún ẹni tí ojú ń tì láti kàwé Yorùbá níwájú èèyàn. Àléébù ẹ̀ ni pé èèyàn ò kì í pé jọ tán, ẹni tó bá ti pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ kì í padà wá mọ́. Ẹ má ju èèyàn márùn-ún lọ, ẹ mú ìwé tó kéré.

Ní ti ètò Fágúnwà fúnra ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Ògbójú Ọdẹ kẹ́ ẹ tó kan Igbó Olódùmarè tó jáde ní 1949, torí Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ló ni ìtàn ti èkejì, ó máa ń dùn kéèyàn ti mọ ọmọ kó tó wá pàdé bàbá. Lẹ́yìn wọn, Ìrèké Oníbùdó, Ìrìnkèrindò ti 1954, àti Àdììtú Olódùmarè ti 1961, ẹ lè to àwọn yẹn bó bá ṣe wù yín.

Èmi wà nínú Igbó Olódùmarè báyìí. Olówó-ayé ti pàdé Èṣù-kékeré-òde lójú ọ̀nà, wọ́n ti ń pe ara wọn níjà, ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé dé lọ́jọ́ Àìkú torí oorun ti ń kun màmá mi. Bí mo ṣe ń dìde, wọ́n la ojú, wọ́n ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ sórí tábìlì àwọn, kí n má gbé e lọ sílé, kí n má lọ dá a kà síwájú láìsí àwọn níbẹ̀.